Ilé Ni Ẹ̀rù Ń Gbé

Ọ̀dọ́mọkùnrin agbẹjọ́rò kan dúró níwájú dígí kékeré tí ó gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń fá irùngbọ̀n. Ilé olódi ni ó wà, lórí òkè, ní ilẹ̀ tí kò ti mọ ẹnì kankan, kò sì tíì rí ẹlòmíràn nínú ilé náà ju onílé tí ó gbà á lálejò lọ. Lójijì, ọwọ́ kan bà á léjìká, ohùn kan sì kí i káàárọ̀. Ó ta gìrì, nítorí pé gbogbo yàrá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń rí nínú dígí náà, kò sì rí ẹni tí ó wọlé. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí onílé. Ó tún wo dígí, òun nìkan ni ó rí. Abẹ ti gé e lágbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń sun. Bí onílé ti rí ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ojú rẹ̀ yí padà, ó na ọwọ́ sí ọ̀fun àlejò rẹ̀, àfi ìgbà tí ọwọ́ náà kan okùn àgbélébùú tí ó wà lọ́rùn àlejò ni ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ó wá mú dígí náà, ó jù ú gba ojú fèrèsé, ó sì fọ́ yángá sórí òkúta àgbàlá nísàlẹ̀ réré. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà bí òun nínú, nítorí pé òun kò mọ bí òun yóò ṣe máa fá irùngbọ̀n mọ́. Gbólóhùn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kì í sì í pẹ́ kí ó tó gbẹ lẹ́nu mi. Ẹni tí ikú ń na ọwọ́ sí ọ̀fun rẹ̀ ń ronú nípa irùngbọ̀n.

Inú Dracula, ìtàn òkú amùjẹ̀ kan tí Bram Stoker gbé jáde ní ọdún 1897, ni èyí wà, mo sì ti ka ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin báyìí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dígí yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọjú lójú fèrèsé lóru, tí ó rí onílé tí ó ń fà sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, tí aṣọ ìlékè rẹ̀ sì fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ìyẹ́. Ó fi í wé aláǹgbá. Ní tèmi, nígbàkúùgbà tí mo bá kà á dé ibẹ̀, ọmọńlé ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Èdè wa ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán nínú orúkọ yẹn: ẹ̀dá tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí kì í ṣẹ́jú, tí a kò pè tí a kò sì rí lé jáde, ọmọ ilé ni. Àti pé, bí a bá tún wò ó, kí ni agbẹjọ́rò náà wá ṣe? Ìwé ilé ni ó gbé wá. Ó wá ta ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ London fún ẹni tí ó ń ti ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì to àwọn ìwé náà fún un kí ó fọwọ́ sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí mo ń wá nínú ìwé gọ́tíìkì, ìyẹn àwọn ìtàn ẹ̀rù tí wọ́n sábà ń wáyé nínú ilé àtijọ́, àti nínú àwọn ìtàn mérìíyìírí olókùnkùn (dark fantasy) tí wọ́n jẹ́ ọmọ rẹ̀, ìdáhùn mi kò jìnnà sí orúkọ ẹ̀dá yẹn. Ohun tí ń bani lẹ́rù nínú èyí tí ó dára nínú wọn ti wà nínú ilé kí àlejò tó dé. Ẹnìkan ni ó bí i, ẹnìkan ni ó bò ó mọ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n jogún ilé sì jogún rẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé tí kò bá ní irú gbèsè bẹ́ẹ̀ nídìí, bí ó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó, ariwo lásán ni létí mi.

Kí gọ́tíìkì tó di orúkọ ìwé, orúkọ ilé ni. Àwọn ilé ìjọsìn ńláńlá ayé àtijọ́ ní Yúróòpù, tí ẹnu ọ̀nà wọn ṣe ṣóńṣó lókè, tí àjà wọn sì ga bí ẹni pé kò ní òpin, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, èébú sì ni àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀ fi ṣe, nítorí pé lójú tiwọn, iṣẹ́ tó yẹ àwọn Goth, ìran ajagun àtijọ́ tí wọ́n kà sí aláìlajú, ni. Horace Walpole, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ràn irú ilé bẹ́ẹ̀ débi pé ó tún ilé ara rẹ̀ ní Strawberry Hill, ní Twickenham, kọ́ ní àwòrán rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé òun lá àlá kan, pé òun wà nínú ilé olódi àtijọ́, òun sì rí ọwọ́ gọ̀ǹgọ̀ kan tí ó wọ ẹ̀wù irin, tí ó sinmi lórí irin àtẹ̀gùn lókè pátápátá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni òun jókòó tí òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ohun tí ó kọ ni The Castle of Otranto, tí ó jáde ní òpin ọdún 1764. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó ní ìwé àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Ítálì ni, tí ẹnìkan túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí ó rí i pé àwọn òǹkàwé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ni ó tó jẹ́wọ́ nínú ìtẹ̀jáde kejì ní ọdún 1765, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà, gọ́tíìkì, kún àkọlé rẹ̀.

Kí n má purọ́, ìwé náà kò dùn tó bí orúkọ rẹ̀ ti tóbi tó. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ onílé, àṣíborí irin kan tí ó tóbi ju ti ènìyàn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún já lu ọmọkùnrin náà nínú àgbàlá, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa. Àwòrán bàbá àgbà ń mí kanlẹ̀ lára ògiri, ó sì ti inú férémù rẹ̀ jáde ó ń rìn lọ. Ère òkúta ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú. Àwọn ènìyàn inú ìwé náà ń sá sókè sá sódò bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ọkàn balẹ̀ jókòó kí a lè mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ìtàn náà fi máa parí, a ti mọ ìdí tí àṣíborí fi já: bàbá bàbá onílé ni ó fi májèlé pa ẹni tí ó ni ilé, tí ó sì fi ìwé ìhágún èké gba ogún rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Walpole fi ìran mẹ́ta rọ́pò ogún ọdún, ó sì fi àṣíborí ṣe òtítọ́. Láti inú ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni gbèsè ti wà lábẹ́ ilé.

Ẹni tí ó kọ́ mi bí a ṣe ń ka irú ìwé yìí ni Ann Radcliffe, ó sì kọ́kọ́ bí mi nínú gan-an kí ó tó kọ́ mi. Nínú The Mysteries of Udolpho, tí ó jáde ní ọdún 1794, ọmọbìnrin kan tí ó ń jẹ́ Emily wà nínú ilé olódi ẹni burúkú tí ó fẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Ó gbọ́ nípa férémù kan nínú ìyẹ̀wù kan, tí wọ́n ta aṣọ dúdú bò, tí àwọn ìránṣẹ́ kò sì fẹ́ sọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó lọ, ó dúró, ó gbọ̀n, ó gbé aṣọ náà sókè. Ohun tí ó rí kì í ṣe àwòrán. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dákú sílẹ̀. Radcliffe kò sọ fún wa ohun tí ó rí. Ó gbé wa kúrò nínú yàrá náà, ó sì ń bá ìtàn lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ìwé, títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí ó tó wá sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ kan bí ẹni ń ka ìṣirò: ère ìda ni, tí wọ́n ṣe ní àwòrán òkú tí ó ti ń jẹrà. Ó tilẹ̀ fi kún un pé bí Emily bá tún un wò lẹ́ẹ̀kejì ni, ẹ̀rù rẹ̀ ìbá ti dópin.

Ọjọ́ tí mo kà á dé ibẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, mo ju ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan pa àlọ́ fún mi, tí mo gbè é títí, tí ó wá ní òun kàn ń ṣeré ni. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó padà sí i, ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí ìbínú kò jẹ́ kí n rí nínú ìpínrọ̀ kan náà. Ta ni ó fi ère ìda sí ilé? Ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá ilé náà ni, tí ó ṣẹ ìjọ, tí wọ́n sì fi í jìyà pé kí ó máa tẹjú mọ́ ère náà fún wákàtí kan pàtó lójoojúmọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà sì fẹ́ kú, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé àwọn àrọ́mọdọ́mọ òun gbọ́dọ̀ tọ́jú ère náà sí ààyè rẹ̀, bí wọn kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, apá kan ilẹ̀ wọn yóò di ti ìjọ. Nítorí náà, lẹ́yìn aṣọ dúdú yẹn, ogún ni ó wà. Ìran kan ń gbé ilẹ̀ ńlá, wọ́n sì ń fi àpẹẹrẹ òkú san owó orí rẹ̀. Wọn kò lè jù ú nù, wọn kò sì fẹ́ wò ó. Wọ́n ta aṣọ bò ó, wọ́n ń jẹun nínú yàrá kejì.

Radcliffe náà ni ó ya ìbẹ̀rù sí oríṣi méjì nínú àròkọ kan tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1826, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀kan, tí n óò pè ní jìnnìjìnnì, máa ń la ọkàn, ó máa ń jí gbogbo ẹ̀yà ara tí a fi ń mọ nǹkan. Èkejì, tí n óò pè ní ìpayà, máa ń sún ọkàn kì, ó sì máa ń mú un dì bí omi dídì. Jìnnìjìnnì ni ohun tí ó wà lẹ́yìn aṣọ kí a tó gbé e sókè. Ìpayà ni òkú tí wọ́n gbé sójú wa. Matthew Lewis, tí kò ju ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ lọ nígbà tí ó tẹ The Monk jáde ní 1796, yan ìpayà láìwẹ̀yìn, ó sì pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé òde òní tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láìmọ̀. Èmi kò kórìíra ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi kì í rántí ohun tí ó dẹ́rù bà mí ní ọ̀nà yẹn bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá, ṣùgbọ́n mo rántí bí ọwọ́ Emily ṣe rí lára aṣọ.

Ìwé tí ó fi ọ̀nà Radcliffe ṣe ohun tí ó ga jù lójú mi kò ní iwin kankan nínú. Rebecca ni, tí Daphne du Maurier gbé jáde ní 1938. (Ẹni tí kò bá tíì kà á, kí ó jọ̀ọ́ fo ìpínrọ̀ méjì yìí.) Ọmọbìnrin kan tí a kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fẹ́ ọkùnrin olówó kan tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó sì bá a lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́bàá òkun. Rebecca ni orúkọ ìyàwó tí ó kú, òun ni ó ni àkọlé ìwé, òun náà ni ó ni ilé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó tuntun yìí yọ́ wọ yàrá tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ ní apá ìwọ̀ oòrùn ilé. Ó rò pé eruku ni òun yóò bá níbẹ̀. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Búrọ́ọ̀ṣì irun wà níwájú dígí, sálúbàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, aṣọ ìwọsùn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni pé ẹni tí ó ni ín kàn lọ wẹ̀ ni. Ìyáàfin Danvers, olórí àwọn ìránṣẹ́, wá bá a níbẹ̀. Kò bá a wí. Ó fi ohun gbogbo hàn án pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní kí ó fọwọ́ kan aṣọ ìwọsùn náà, ó ní kí ó ki ọwọ́ bọ inú sálúbàtà kí ó lè mọ bí ẹsẹ̀ olóògbé ti kéré tó. Ọwọ́ ẹni tí ó wà láàyè nínú bàtà ẹni tí ó kú: èmi kò mọ òkú amùjẹ̀ tí ó lè bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Òkùnkùn ìwé náà gan-an tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì gba kíkà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé mo ti bọ́ sínú rẹ̀. Ọkọ jẹ́wọ́ fún ìyàwó tuntun pé òun ni òun pa Rebecca. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí ọmọbìnrin náà lọ́kàn ni ìdùnnú, nítorí pé ó ti wá mọ̀ nísinsìnyí pé ọkọ òun kò fẹ́ràn Rebecca rí. Èmi náà tí mo ń kàwé, inú mi dùn. Mo ń gbàdúrà kí wọ́n má mú apànìyàn. Nígbà tí mo gbé ìwé sílẹ̀ ni mo tó bi ara mi léèrè bí mo ṣe dé ibẹ̀, mo sì rí i pé du Maurier ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé mi lọ́wọ́ láti ojú ìwé àkọ́kọ́, mo ti di ara àwọn tí wọ́n ń ta aṣọ bò ó.

Ó ṣòro láti sọ̀rọ̀ Rebecca kí a má dárúkọ Jane Eyre tí Charlotte Brontë gbé jáde ní 1847, níbi tí ìyàwó àkọ́kọ́ ti wà láàyè, tí wọ́n tì í mọ́ òkè ilé, tí ẹ̀rín rẹ̀ sì ń dún gba àjà. Ọkọ rẹ̀ sọ pé wèrè ni. Ohun tí kì í sọ kíákíá ni pé Jàmáíkà ni òun ti fẹ́ ẹ, pé ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, àti pé owó ilé olóko ní erékùṣù bẹ́ẹ̀, láyé ìgbà yẹn, ara àwọn ẹrú ni ó ti wá. Ní 1966, Jean Rhys, tí wọ́n bí ní erékùṣù Dominica, gba kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè náà, ó sì kọ Wide Sargasso Sea láti ẹnu obìnrin tí wọ́n tì mọ́lé. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á, n kò lè ka ìwé Brontë mọ́ bí mo ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Jane bá ti ń gun àtẹ̀gùn lọ, etí mi ti wà lókè ṣáájú rẹ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé Frankenstein ńkọ́, pé kò sí ilé olódi nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Mary Shelley bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1816, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, lẹ́bàá adágún omi Geneva, ní ọdún tí òjò àti òtútù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀ẹ̀rùn nítorí òkè Tambora tí ó ti bú gbàmù ní ọdún tí ó ṣáájú, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Indonéṣíà lónìí. Ìwé náà jáde ní 1818. Orí yìnyín àti orí òkè ni ó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ibi tí ó dùn mí jù nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé ni. Ẹ̀dá tí Frankenstein dá, tí ó sì sá fún, fara pa mọ́ sínú àhéré kékeré kan tí ó fara ti ilé àwọn tálákà kan. Ó rí ihò tóóró kan lára pákó, ó gbé ojú lé e, ó sì ń wò wọ́n láti ìgbà òtútù títí ìgbà òtútù mìíràn fi dé. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ èdè. Ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé àwọn ènìyàn máa ń sunkún, pé wọ́n máa ń fi oúnjẹ wọn sílẹ̀ fún ara wọn. Ó ń ṣẹ́ igi wá fún wọn lóru láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Nígbà tí ó wá wọlé tọ̀ wọ́n, igi ni wọ́n fi lé e. Gbèsè náà ṣì wà, ẹni tí ó jẹ ẹ́ kàn kọ̀ láti fún ẹni tí ó jẹ ní yàrá ni.

Ibi tí mo ń lọ ni pé nígbà tí irú ìtàn yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé mérìíyìírí, ilé náà fẹ̀, ó di odindi ayé. Èyí lè jẹ́ èrè ńlá. Ó tún lè jẹ́ òfò, òfò yẹn ni mo sì máa ń bá pàdé jù. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé onípele púpọ̀ kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀ wọn kò sì ṣẹ̀ mí. Kò tíì tó ogójì ojú ìwé tí wọ́n ti pa ọmọdé. Ní ìdajì ìwé kìíní, wọ́n ti dáná sun ìlú méjì. Mo fi orí tì í dé ìdìpọ̀ kẹta, níbi tí ìlú kẹfà ti ń jó, mo wá rí i pé oorun ń kùn mí. Mo bi ara mi léèrè ohun tí ó fà á, ohun tí mo rí ni pé kò sí ilé kan ṣoṣo tí ó jóná nínú ìwé náà tí mo mọ ibi tí àga rẹ̀ wà. Òǹkọ̀wé náà ti pa ayé kan run láìjẹ́ pé ó kọ́ yàrá kan sínú rẹ̀. Bí àwọn alátìlẹ́yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá sì sọ pé bí ayé ti rí gan-an nìyẹn, pé ìkà ni ó kúnnú rẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n wo ìkà náà dáadáa: ìkà tòótọ́ máa ń ní àdírẹ́sì, ó máa ń ní ẹni tí ó jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ fi wé Titus Groan, tí Mervyn Peake gbé jáde ní 1946. Gbogbo ìtàn náà kò jáde kúrò ní ilé olódi kan tí ń jẹ́ Gormenghast àti àyíká rẹ̀, ilé tí ó tóbi débi pé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò mọ gbogbo yàrá rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ìlànà kan lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí ìdí rẹ̀ mọ́. Kò sí idán nínú rẹ̀. Onílé kẹrìndínlọ́gọ́rin nínú ìran náà jẹ́ ọkùnrin oníbànújẹ́ tí kò fẹ́ràn ohun kan láyé bí ìwé rẹ̀. Peake mú wa jókòó nínú yàrá ìkàwé yẹn, ó jẹ́ kí a mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé ẹ̀yìn àwọn ìwé náà, ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni ọkùnrin yìí ti ń mí. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ilé ìdáná kan tí ó ń wá ipò dáná sun ún. Yàrá kan péré ni. Kò sí ìlú tí ó jó. Ọkùnrin náà kò kú nínú iná náà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ dà rú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òwìwí ni òun, ó ń ṣa ẹ̀ka igi jọ láti fi kọ́ ìtẹ́, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé ó lọ bá àwọn òwìwí nínú ilé ìṣọ́ àtijọ́. Mo ti ka ìtàn ogun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti kú tí kò wọ̀ mí lára tó yàrá ìwé kan yìí.

Glen Cook náà mọ nǹkan tí ó ń ṣe nínú The Black Company, ní 1984, nítorí pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ mọ̀ pé ẹni ibi ni ó ń san owó wọn, oníṣègùn wọn sì ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ láìfi ewé bò ó. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí ó le jù ni Beloved ti Toni Morrison, ní 1987, àwọn kan sì máa ń bá mi jà pé n kò gbọdọ̀ kà á mọ́ irú ìwé yìí. Ó ní ilé: nọ́ńbà ilé náà, 124, ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé. Ó ní ẹni tí èdè wa ìbá pè ní àkúdàáyà. Ó sì ní gbèsè tí ìtàn gidi ti kọ sílẹ̀, nítorí pé Morrison mú un láti ara ọ̀rọ̀ Margaret Garner, ẹrú tí ó sá láti Kentucky lọ sí Ohio ní ọdún 1856, tí ó sì pa ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá mú wọn, kí wọ́n má bàa dá ọmọ náà padà sóko ẹrú. Ẹni tí ó bá sọ pé èyí ga ju gọ́tíìkì lọ, lójú mi, kò tíì ka ohun tí Walpole fi pamọ́ sábẹ́ àṣíborí rẹ̀.

Àbúrò mi kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ayé kò tíì ṣókùnkùn tó lójú yín ni?" Mo rẹ́rìn-ín, n kò sì rí ìdáhùn gidi fún un lójú ẹsẹ̀. Èyí tí mo rò lẹ́yìn tí ó ti lọ ni pé òkùnkùn ayé kì í sábà ní ojú tí a lè tẹjú mọ́, a máa ń gbà á ní wẹ́wẹ́, nínú ìròyìn, nínú ohun tí àwọn àgbà bá dákẹ́ lé nígbà tí ọmọdé bá wọlé. Ìwé máa ń kó o jọ sí yàrá kan, ó sì máa ń fi ilẹ̀kùn sí i. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń sùn dáadáa lẹ́yìn tí mo bá kà wọ́n. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kí n sùn, mo sì ti pinnu pé ọ̀sán gangan nìkan ni n óò máa kà á.

The Haunting of Hill House ni, ti Shirley Jackson, ní 1959. Eleanor, tí ó ti fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ń ṣàìsàn, tí kò ní yàrá kan láyé yìí tí ó jẹ́ tirẹ̀, bá àwọn ènìyàn díẹ̀ lọ gbé ilé kan tí wọ́n ní kò dára, láti ṣe ìwádìí. Yàrá kan náà ni òun àti Theodora, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wá, ń sùn ní òru kan. Nínú òkùnkùn, ó gbọ́ ohùn kan tí ń kùn lẹ́yìn ògiri, lẹ́yìn náà ó gbọ́ igbe ọmọdé. Ó di ọwọ́ Theodora mú ṣinṣin, ọwọ́ náà sì di tirẹ̀ mú débi pé ó ń mọ egungun ìka rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́, ó ń di ọwọ́ náà mú, títí ohùn rẹ̀ fi jáde, tí ó pariwo pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Iná tàn. Theodora ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ní òdìkejì yàrá, ó ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Eleanor dìde, ó ń gbọ̀n ọwọ́ rẹ̀, ó ń béèrè pé ọwọ́ ta ni òun dì mú.

Jackson kò dá a lóhùn. Ìgbà tí mo kà á dé ibẹ̀ kẹ́yìn, oòrùn ń ràn, àwọn ará ilé ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì, mo pa ìwé dé, mo sì rí i pé ọwọ́ òsì mi ti di apá àga mú, ó sì gbà mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó tú u.